Ẹ̀san Taimi Nídìí Òpó Iná

Ní Petäjävaara, ìlú wa kékeré ní ìhà àríwá jìnnàjìnnà, ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí aládùúgbò òun jẹ́, kó dúró di ìgbà tí òtútù bá já sí ogójì ìwọ̀n nísàlẹ̀ òdo. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí oòrùn kì í wọ̀, gbogbo wa la máa ń rẹ́rìn-ín síra wa. Oṣù kìíní ọdún ló ń fi ìwà hàn.

Taimi Ylitervo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni. Àwọn arúgbó tí kò lè jáde nílé mọ́ ló máa ń lọ tọ́jú láti abúlé dé abúlé, nínú mọ́tò pupa kékeré kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kan kì í ṣí láti ìta. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń da igi gẹdú gba ojú odò lọ ni bàbá rẹ̀, odò náà ló sì gbé e lọ nígbà tí Taimi wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Hilja, ìyá rẹ̀, ló dá a tọ́ pẹ̀lú màlúù mẹ́ta àti ẹnu tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọkọ tí Taimi fẹ́ gba Sweden lọ láti wáṣẹ́. Ó ríṣẹ́, ó sì rí ìyàwó mìíràn mọ́ ọn. Taimi ò pariwo. Ó di ẹrù ọkùnrin náà sínú àpótí, ó fi bọ́ọ̀sì gbé e ránṣẹ́, àfi pé nínú gbogbo ìbọ̀sẹ̀ tó wà níbẹ̀, ó yọ ẹyọ kan kúrò nínú méjì kọ̀ọ̀kan. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni. Ó lè fi ẹ̀jẹ̀ sínú kó tutọ́ funfun jáde.

Ilé alájà mẹ́ta kan ló ń gbé, ìdílé méjìlá ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé náà ni wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, ibẹ̀ sì ni àwọn òpó iná wà, mẹ́jọ péré. Àpótí irin kékeré kan tó ní kọ́kọ́rọ́ wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti agogo ló sì wà nínú rẹ̀. Kí o tó lọ sùn, wàá ki wáyà tó yọ jáde níwájú ọkọ̀ rẹ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, wàá yí agogo sí wákàtí méjì ṣáájú ìgbà tí o fẹ́ jáde. Bí àkókò bá tó, iná á gba inú wáyà lọ bá irin kékeré tí wọ́n fi há ara ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì á sì máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ́ìlì ọkọ̀ rẹ̀ á ti ki bí ọ̀dà kílẹ̀ tó mọ́. Á yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ á kérora lẹ́ẹ̀kan, ó parí.

Oiva Kumpuniemi ni alága ilé náà. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ojú irin, ó ga, ó gún régé, kì í pẹ́ débi kankan, kì í sì í tọrọ àforíjì. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ kan tó ń ṣí gbogbo òpó mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wà, nítorí pé òun ni alága. Òpó méjì ló sì wà lórúkọ rẹ̀: ọ̀kan tirẹ̀, ọ̀kan ti ọmọbìnrin rẹ̀ tó ti kó lọ sí Oulu láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Gbogbo ilé ló mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́.

Ní oṣù kìíní ọdún 1984, Hilja wà nílé ìwòsàn ní Rovaniemi, àádọ́rùn-ún kìlómítà sí wọn. Ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni Taimi lọ wò ó kẹ́yìn, ó sì sọ fún un pé òun máa tètè padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tó délé, ó ki wáyà rẹ̀ bọ òpó keje tó jẹ́ tirẹ̀, ó yí agogo sí aago márùn-ún, ó sì lọ sùn.

Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni fóònù dún láàárọ̀. Nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Taimi mọ ohùn yẹn, nítorí òun náà ti fi bá ọ̀pọ̀ ọmọ sọ̀rọ̀ nípa ìyá wọn. Ẹni náà ní kó máa bọ̀ bó bá ṣe lè yá tó. Taimi wọ aṣọ, ó sọ̀ kalẹ̀. Òtútù jẹ́ ìwọ̀n mọ́kàndínlógójì. Orí yìnyín ló ti bá ẹnu wáyà rẹ̀, ó gan bí ejò tó ti kú. Wáyà mìíràn ló wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì lọ tààrà sí abẹ́ mọ́tò aláwọ̀ búlúù kan tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú ilé náà. Ó jókòó sínú ọkọ̀ tirẹ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ kérora. Ó tún un yí. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò tilẹ̀ kérora mọ́.

Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí gbogbo òpó kò ju ẹyọ kan lọ. Taimi gun àtẹ̀gùn, ó kan ilẹ̀kùn Oiva. Ọkùnrin náà jáde pẹ̀lú ṣòkòtò àwọ̀sùn, ife kọfí lọ́wọ́.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ yọ wáyà mi?" Taimi béèrè.

"Èmi ni. Ọkọ ọmọ mi sùn sọ́dọ̀ wa, ó ń lọ sí Kuusamo láàárọ̀ yìí, iná òpó ọmọ mi ò sì ṣiṣẹ́ lánàá. Òní Sọ́ńdè. Mo rò pé nọ́ọ̀sì kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè."

"Ìyá mi ń kú lọ. Ilé ìwòsàn ti pè mí."

Oiva mu kọfí díẹ̀. "Ṣebí wáyà rẹ nìyẹn, tún un kì bọ̀ ọ́. Wákàtí méjì, ọkọ̀ á dáhùn. Àwọn arúgbó kì í kánjú kú, Taimi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìyá tèmi fi wà lórí ẹ̀." Ó sì rọra ti ilẹ̀kùn, bí ẹni tó ti yanjú ọ̀rọ̀.

Ọkọ̀ takisí kan ṣoṣo tó wà nílùú ò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè ṣáájú aago mẹ́wàá, kò sì sí ẹlòmíràn nínú ilé tó yí agogo rẹ̀ sí ìdájí Sọ́ńdè. Taimi já wáyà àlejò náà sílẹ̀, ó ki tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ó sì jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù lọ́rùn. Kò pẹ́ tí ọkọ ọmọ Oiva fi jáde. Mọ́tò tirẹ̀ ti gbóná dáadáa. Ó gbé e gba iwájú Taimi kọjá, ó forí lé ọ̀nà ìlà-oòrùn, ó sì juwọ́ sí i bí ọmọlúàbí.

Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú márùnlélógún ni ọkọ̀ Taimi dáhùn. Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún ló wọ inú yàrá ìyá rẹ̀. Hilja ti kú ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ sọ fún un pé ìyá náà béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá mọ́tò Taimi ti dé. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mejì yẹn, kò béèrè nǹkan kan mọ́.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Oiva gbàgbé, tàbí ó ṣe bí ẹni tó gbàgbé. Lempi, ìyàwó rẹ̀, wá kí Taimi pẹ̀lú òdòdó, ó sunkún gidi. Oiva fúnra rẹ̀ ò sọ̀ kalẹ̀. Bí ó bá pàdé Taimi lórí àtẹ̀gùn, á ṣí fìlà díẹ̀, á kọjá. Kó tó di Sọ́ńdè yẹn, "ẹ" ni Taimi fi máa ń bá a sọ̀rọ̀, nítorí ó fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n jù ú lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, Taimi ò bá a sọ nǹkan kan fún oṣù mẹ́ta.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù kejì ọdún náà, ó mú ẹ̀mú ńlá tí wọ́n fi ń gé wáyà, ó jáde lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó sì dúró sórí wáyà Oiva. Ó ti la ẹnu ẹ̀mú náà sí i. Ó wá rò ó pé bí òun bá gé e, Oiva máa ra òmíràn ní ọjọ́ Túsìdeè, ọ̀rọ̀ á sì tán. Àánú kọ́ ló mú un padà wọlé. Ohun tí Oiva ò lè rí rà ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù orí ẹpọ̀n. Taimi lọ gba ìwé òfin ilé lọ́wọ́ akọ̀wé, ó sì kà á ní tábìlì ìdáná rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, bó ṣe máa ń ka ìwé oògùn. Ilé ló ni àwọn òpó iná, kì í ṣe ẹnikẹ́ni. Ìdílé kan, òpó kan. Ẹni tí kò bá ní ọkọ̀ kejì mọ́ gbọ́dọ̀ dá òpó kejì padà. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òpó ẹlòmíràn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é, ìpàdé lè gba òpó tirẹ̀ kó sì fi orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pátápátá lórí ìwé àwọn tó ń dúró. Ìfọwọ́sí tó wà nísàlẹ̀ ìwé náà, ti Oiva Kumpuniemi ni. Taimi ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀.

Ó wá ń lọ láti ilé dé ilé. Opó kan wà ní ìsàlẹ̀ tó ń jẹ́ Kerttu, tó ti ń dúró de òpó iná fún ọdún márùn-ún. Ní gbogbo ìgbà òtútù, ojoojúmọ́ ni Kerttu máa ń tú bátìrì ọkọ̀ rẹ̀, á gbé e mọ́ra bí ọmọ wọ inú ilé lọ síbi iná, á tún gbé e jáde láàárọ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Taimi ti bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó mu kọfí, ó béèrè bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ń ṣe é pẹ̀lú bátìrì yẹn. Kò dárúkọ Oiva. Ó kàn ṣí ìwé òfin sí ojú ewé náà, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ife, ó sì ní òun ń bọ̀ wá mú un lọ́la. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sáwọn yòókù. Kó tó di ìgbà tí yìnyín yọ́, kò sẹ́ni tí kò tíì ka ojú ewé yẹn nínú ilé náà àyàfi ẹni tó fọwọ́ sí i.

Ìpàdé ọdọọdún bọ́ sí oṣù kẹrin, nínú yàrá ìfọṣọ, láàárín àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ méjèèjì. Lempi ti yan búrẹ́dì aládùn wá. Oiva ka ọ̀rọ̀ òrùlé, ó ka ti omi, ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní nǹkan mìíràn. Taimi dìde, ó ka òfin náà sókè láìgbé ohùn sókè. Nígbà tó dé ibi fífọwọ́ kan òpó ẹlòmíràn, Oiva rẹ́rìn-ín.

"Ṣé nítorí wáyà kan ṣoṣo yẹn náà ni?"

"Nítorí òfin ni, Oiva. Ìwọ lo fọwọ́ sí i."

Ó pè é ní "ìwọ" lójú gbogbo ilé. Lempi gbójú sílẹ̀. Ẹnìkan dá ife rẹ̀ padà sórí tábìlì, a sì gbọ́ ọ. Wọ́n dìbò: méje sí mẹ́rin. Wọ́n gba òpó ọmọ tó wà ní Oulu, wọ́n sì fún Kerttu. Wọ́n gba òpó Oiva náà, wọ́n fún ẹni tó tẹ̀ lé Kerttu, wọ́n sì kọ orúkọ Oiva sí ìsàlẹ̀ ìwé. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n yan alága tuntun, Kerttu dárúkọ Taimi kí ẹlòmíràn tó la ẹnu. Oiva yọ kọ́kọ́rọ́ náà lórí okùn tó fi so ó, ó gbé e sórí ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó sì jáde láìmú búrẹ́dì ìyàwó rẹ̀.

Bí òtútù ọdún tó tẹ̀ lé e ṣe wọlé, Oiva ra wáyà gígùn kan, ó nà án láti ojú fèrèsé ìdáná rẹ̀ lókè dé ìsàlẹ̀. Taimi kọ lẹ́tà sí i: òfin kò fàyè gba wáyà láti ojú fèrèsé, nítorí iná. Oiva fi abọ́ irin tó kún fún ẹyin iná sábẹ́ ọkọ̀ bí àwọn bàbá wa ṣe máa ń ṣe nígbà kan. Taimi kọ lẹ́tà kejì. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkùnrin náà ń gbé bátìrì rẹ̀ wọlé, ó ń gbé e jáde, ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin. Nígbà tí òtútù bá kọjá ogún ìwọ̀n, bátìrì nìkan ò tó. Ọkọ̀ á jókòó bí òkúta, Oiva á sì fẹsẹ̀ rìn.

Taimi máa ń dúró lójú fèrèsé pẹ̀lú kọfí, á máa wò ó. Ká sòótọ́, ó gbádùn rẹ̀. Ó mọ iye ìgbà tí ọkùnrin náà máa ń yí kọ́kọ́rọ́ kó tó jáwọ́. Ó mọ bó ṣe máa ń jókòó nínú ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì lórí kẹ̀kẹ́ ìdarí, kó má bàa jẹ́ pé wọ́n á rí i tó tètè jáde. Kọfí òwúrọ̀ yẹn dùn ju ti ọ̀sán lọ.

Lempi wá bá a lọ́jọ́ kan pẹ̀lú búrẹ́dì tí wọ́n yan ẹja sínú rẹ̀. Ó jókòó, ó bọ ìbọ̀wọ́, ó tún un wọ̀. Ó ní òun ò wá bẹ̀bẹ̀ fún Oiva, nítorí Oiva ò rán òun. "Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jókòó nínú ọkọ̀ yẹn kì í ṣe òun nìkan, Taimi. Orúnkún mi ò dáa."

Taimi gé búrẹ́dì náà, ó jẹ ẹ́, ó sì yìn ín. Ó wá ní kí Lempi máa sọ fún òun nígbàkigbà tó bá fẹ́ lọ sọ́jà, òun á máa gbé e lọ. Láti ọjọ́ náà, lọ́jọ́ Tọ́sìdeè kọ̀ọ̀kan, Lempi á sọ̀ kalẹ̀ wọ mọ́tò pupa náà, Oiva á sì dúró lójú fèrèsé tirẹ̀ lókè. Taimi ò lè sọ pé oore pátápátá lòun ń ṣe. Ó fẹ́ràn Lempi. Ó sì tún fẹ́ràn pé ọkùnrin náà ń wò.

Ọdún méjì kọjá bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1987, òtútù kan dé tí àwọn àgbà sọ pé àwọn ò rí irú rẹ̀ rí láti ìgbà ogun. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Arvi, àbúrò Oiva, kú ní Ylikylä, ọ̀nà wákàtí kan ààbọ̀. Wọ́n fi ìsìnkú sí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Sátidé. Lempi ti wọ bọ́ọ̀sì lọ ṣáájú láti bá ìyàwó olóògbé se oúnjẹ. Oiva dúró de òdòdó ìsìnkú tí wọ́n fi ewé igi ṣe ní roboto, èyí tí yóò dé lọ́jọ́ Fráìdè, ó sì bá takisí sọ̀rọ̀ pé kó wá gbé òun ní aago méje ààbọ̀. Òun ló máa di orí pósí mú. Ipò ẹ̀gbọ́n nìyẹn.

Aago méje ku díẹ̀ ni onítakisí pè é. Ìwọ̀n mẹ́tàlélógójì ni òtútù wà. Obìnrin kan ń rọbí ní abúlé kejì, òun sì ti wà lọ́nà pẹ̀lú rẹ̀. Oiva kan ilẹ̀kùn mẹ́ta nínú ilé náà. Kerttu ti lọ síbi iṣẹ́ búrẹ́dì. Ẹnì kan ò sí nílé. Ẹni kẹta, ọkọ̀ rẹ̀ wà ní ibi àtúnṣe. Ó wá sọ̀ kalẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn Taimi, aṣọ dúdú lọ́rùn, òdòdó náà lọ́wọ́ kan, wáyà ọkọ̀ rẹ̀ ní kíká lọ́wọ́ kejì.

Taimi ṣílẹ̀kùn. Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọkọ̀ rẹ̀ ti gbóná, nítorí ó fẹ́ lọ sí ibi ìkàwé ní Rovaniemi láàárọ̀ yẹn. Oiva ṣí fìlà kúrò lórí pátápátá. Ó ṣàlàyé. Ó ní bóyá Taimi lè gbé òun dé ibẹ̀, òun á dúpẹ́.

"Rárá," ni Taimi sọ. "Ṣùgbọ́n màá yá ọ ní sọ́kẹ́ẹ̀tì mi."

"Ó máa gbà tó wákàtí méjì."

"Mo mọ iye tó ń gbà."

Wọ́n jọ jáde. Taimi fọwọ́ ara rẹ̀ yọ wáyà tirẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ki ti Oiva bọ̀ ọ́. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Oiva yí padà láti gun òkè lọ, Taimi sì ní kó wọlé sọ́dọ̀ òun. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń gbàlejò. Ọkùnrin náà tẹ̀ lé e.

Ó se kọfí. Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sáàárín tábìlì. Oiva jókòó pẹ̀lú òdòdó náà lórí itan, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Taimi wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Sọ́ńdè yẹn fún un, ìṣẹ́jú kan tẹ̀ lé òmíràn, láìyára. Ó sọ aago tí fóònù dún. Ó sọ bí wáyà ṣe gan lórí yìnyín. Ó sọ ọ̀rọ̀ tí Oiva sọ nípa àwọn arúgbó, ó sì dúró kó lè gbọ́ ọ dáadáa. Ó sọ bí òun ṣe jókòó lórí àtẹ̀gùn, ohun tí òun rò ní aago méje, ohun tí òun rò ní aago méje ààbọ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ nípa Hilja: orúkọ màlúù rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bó ṣe máa ń ṣẹ́ etí aṣọ, bí kò ṣe jẹ́ kí òun rí omijé rẹ̀ nígbà tí odò gbé bàbá òun lọ. Bí Oiva bá wo aago, Taimi á dákẹ́ títí yóò fi gbójú kúrò lára rẹ̀. Mọ́tò pupa náà wà níta lójú fèrèsé. Àwọn méjèèjì ń rí i.

Nígbà tó sọ pé ìyá òun béèrè lẹ́ẹ̀mejì, Oiva fọwọ́ bo ẹnu.

"Lempi sọ ìyẹn fún mi," ó ní. "Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Mo mọ̀ ọ́n láti ìgbà yẹn."

"Àtẹ̀gùn mélòó ló wà láàárín wa, Oiva?"

"Mẹ́rìndínlógún."

"Kí ló dé tí o ò sọ̀ kalẹ̀?"

"Ojú tì mí. Mo ní ó di ọ̀la. Nígbà tí ọ̀la dé, ó ti pẹ́ jù. Lẹ́yìn náà lo gba òpó mi. Inú bí mi, inú bíbí sì rọrùn fún mi ju ìtìjú lọ." Ó gbé òdòdó náà sílẹ̀ nígbà yẹn. "Èmi ni mo ṣe é. Kò tọ́. Ìyá rẹ ì bá ti rí ọ."

Taimi ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn láti ọdún mẹ́ta. Ó wo aago. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Bí ó bá dìde nígbà yẹn kó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, tí ó sì sáré, Oiva ì bá débẹ̀ kí wọ́n tó gbé pósí jáde. Ó mọ̀. Oiva náà mọ̀, ṣùgbọ́n kò béèrè mọ́. Taimi nawọ́ mú ìkòkò kọfí, ó tún bu kún ife ọkùnrin náà, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ láti ibi tó dá a dúró sí.

Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ní, "Lọ gbìyànjú ẹ̀."

Ọkọ̀ náà dáhùn lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí Oiva fi máa dé Ylikylä, wọ́n ti kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ ọmọ rẹ̀ ló di orí pósí mú, ẹni tó lọ sí Kuusamo ní Sọ́ńdè ọjọ́sí. Àwọn ọkùnrin ti ń da iyẹ̀pẹ̀ sí sàréè. Ẹnìkan na ṣọ́bìrì sí i, ó gbà á, ó sì da iyẹ̀pẹ̀ títí ó fi kún, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ òun, nínú òtútù tí àwọn yòókù fi ń tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò sọ ìdí tó fi pẹ́ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ nínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé.

Taimi sùn fọnfọn ní ọjọ́ yẹn. Kò lálàá. Ó rò pé bí ara ẹni tó gbẹ̀san ṣe máa ń rí nìyẹn, ó sì dá a lójú pé ó yẹ òun.

Ní ọjọ́ Tọ́sìdeè, ó gbé ọkọ̀ sẹ́nu ọ̀nà ní aago mẹ́wàá bó ti máa ń ṣe. Lempi sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àpò ọjà lọ́wọ́, kò sì ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó yí lọ sí ọ̀dọ̀ Taimi, ó dúró títí Taimi fi yí gíláàsì wá sílẹ̀.

"Ọkọ̀ rẹ gbóná láàárọ̀ Sátidé," ó ní.

"Ó gbóná."

"Mo fẹ́ràn Arvi. Ó béèrè Oiva lọ́wọ́ mi lórí fóònù kó tó kú." Ó tún àpò rẹ̀ gbé. "Ohun tí o fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀, o ti gbà á. Mi ò bínú sí ọ. Ṣùgbọ́n màá máa fẹsẹ̀ mi rìn."

Ó sì rìn. Taimi wò ó títí tó fi yí gba ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, ó ń fi ẹsẹ̀ kan rọra tẹlẹ̀.

Nígbà tí ewé fi ń pupa ṣáájú òtútù lọ́dún yẹn, Kerttu kó lọ bá ọmọ rẹ̀, òpó rẹ̀ sì ṣófo. Àwọn tó wà níwájú Oiva lórí ìwé ti gba tiwọn, orúkọ tirẹ̀ ló wá wà lókè. Àwọn ará ilé ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé Taimi á wá ojú ewé mìíràn jáde. Kò wá a. Òfin tó fi mú un lòun fẹ́ fi tú u sílẹ̀; bó bá fi ìkórìíra yí i, á jẹ́ pé Oiva ló jàre láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gun àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún náà, ó fún un ní kọ́kọ́rọ́, ó na ìwé sí i pé kó fọwọ́ sí i. Oiva fọwọ́ sí i. Lempi wà ní ìdáná, ó ń gé àlùbọ́sà, ó sì kí i láìyíjú padà.

Kerttu máa ń pè é lórí fóònù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà kan ló béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní tààrà bóyá ó kábàámọ̀.

"Mo kábàámọ̀ ti Lempi," ni Taimi sọ. "Ti Oiva, rárá. Bó bá tún kan ilẹ̀kùn mi lọ́la, màá tún se kọfí fún un."